Ilé Tí Nọ́ọ̀sì Rà

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tòun ti bàtà funfun, ń fì láti inú àjà ilé bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù jáde.

Ìwọ̀n ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, nítorí iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, kì í sì í gé pákó kankan láì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ilẹ̀kùn tuntun kan lé èjìká, ó ń gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, nígbà tó gbọ́ tí igi ya gbàà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹnikẹ́ni kò ti gbé ibẹ̀. Ewé ti gun ògiri rẹ̀ dé òrùlé, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n yọjú wọlé, ohun tó sì rí nìyẹn: ẹsẹ̀ kan lókè, àti ekuru tó ń rọ̀ sílẹ̀ yí i ká.

"Ta ló wà nísàlẹ̀?" ohùn kan béèrè. Ohùn náà balẹ̀ bí ti ẹni tó ń béèrè aago.

"Èmi ni. Káfíńtà ni mí."

"Ó dára. Ẹni tí mo nílò gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ yàrá òkè ti gbé ẹsẹ̀ mi mì."

"Ẹ má fà á o. Ẹ rọra fi àyà lélẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ. Mò ń bọ̀."

Ó gbé ilẹ̀kùn tuntun náà gun àtẹ̀gùn, ó ń tẹ etí ògiri nìkan, níbi tó mọ̀ pé igi á ti lágbára díẹ̀. Nígbà tó dókè, ó tẹ́ ilẹ̀kùn náà sórí pákó tó ti jẹrà, ó fi ìdí wọ́ lé e lórí bí ẹni tó wà lórí afárá, ó fa ayùn yọ níbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi tó há ẹsẹ̀ obìnrin náà mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rí ojú rẹ̀. Ekuru ti sọ gbogbo rẹ̀ di funfun títí dé ìpéǹpéjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú ẹyinjú rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà jáde, obìnrin yìí fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó mú òwú jáde, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń nu tábìlì.

"Nọ́ọ̀sì ni mí," ó ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò jìn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ̀n, èmi kọ́."

"Ta ló ní kí ẹ wọ ibí? Ikán ló ni gbogbo òkè yìí."

"Rárá o, èmi ni mo ni ín. Àná ni wọ́n kó ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́."

Ìwọ̀n wo òrùlé, níbi tí ojú ọ̀run ti hàn ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó tún wo obìnrin náà.

"Ẹ rí i kí ẹ tó rà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni mo sì fẹ́ràn rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìwọ̀n lára. Ó padà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ti ha yánnayànna, ó tún ojú rẹ̀ dán látòkè délẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nọ́ọ̀sì yìí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí bàbá sì ní kí òun àti màmá rẹ̀ kó ẹrù wọn jáde. Ilé mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n yá gbé lẹ́yìn ìyẹn. Onílé kan kò jẹ́ kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ògiri. Òmíràn ń ti ẹ̀rọ omi pa nígbàkigbà tí inú bá ń bí i. Ẹ̀kẹfà ta ilé mọ́ wọn lórí, kò sì sọ fún wọn títí ẹni tó rà á fi dé pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà ti pinnu pé òun á ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé òun kúrò nínú rẹ̀. Kò fi mọ sí ẹnu lásán. Ó ń tọ́jú owó oṣù díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi tó ilé tí ẹlòmíràn kò fẹ́.

Inú màmá rẹ̀, aránṣọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò dùn sí i rárá.

"O ò kúkú dúró kí ọkọ dé ná," ó ní. "Obìnrin tó bá ti nílé, ọkùnrin wo ló máa ní kó ká lọ sílé òun?"

"Màámi, ṣé kí n máa tọ́jú owó títí ọkọ á fi dé ni, kí n wá lọ fi ra gèlè?"

Ìyá pòṣé, ó padà sídìí mẹ́ṣíìnì rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé iṣẹ́ ilé náà fún Ìwọ̀n, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n kọ́kọ́ tú gbogbo ilẹ̀ òkè ká. Ó yọ pákó tó ti di ìyẹ̀fun, ó dá èyí tó ṣì le sí. Wọ́n pààrọ̀ páànù mọ́kànlélógún. Wọ́n gé ewé kúrò lára ògiri, fèrèsé kékeré kan sì jáde ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tí kò sí nínú ìwé ilé náà pàápàá. Ọ̀sán gbangba ni, ìmọ́lẹ̀ rọ́ wọlé bí omi, nọ́ọ̀sì sì dúró sí àárín yàrá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Bó bá ti ṣíwọ́ ní ọsibítù ló máa ń wá. Ó ní kí Ìwọ̀n kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń rẹ́ pákó.

"O ò rọra," Ìwọ̀n sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ò ń bá igi jà. Kí ni igi fi ṣe ọ́?"

"Ṣé kì í ṣe pé o ti ń pè mí ní 'o' báyìí? Ìgbà wo ni 'ẹ̀yin' kúrò lẹ́nu rẹ?"

"Láti ìgbà tí o ti fi ayùn mi há sínú pákó tí o sì sá lọ pọn omi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ayùn fi há lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ mìíràn, nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó kàn ní kí òun fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀ ni. Oorun gbé e lọ lórí òkìtì ìyẹ̀fun pákó. Ìwọ̀n wò ó. Ó rọra gbé òòlù sílẹ̀, ó mú pépà tí wọ́n fi ń dán igi, ó sì ń fi dán pákó kan náà fún odidi wákàtí kan, pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lajú, ó ní, "Kí ló dé tí òòlù dákẹ́?"

"Ìṣó tán."

Nọ́ọ̀sì wo agolo ìṣó tó kún dẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé Ìwọ̀n fẹ́ràn òun.

Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ṣe àṣekẹ́yìn lára iṣẹ́ igi. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kan èyí tó gbẹ̀yìn, àwọn méjèèjì jókòó sí àárín rẹ̀, wọ́n ń mu omi nínú ife kan náà.

"Mo fẹ́ kí a fẹ́ ara wa," ni Ìwọ̀n wí.

"O ò wọ̀n ọ́n ná?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kí lo rí?"

"Ó ṣe wẹ́kú."

Nọ́ọ̀sì fi orí lé e léjìká. "Ìfẹ́ mi," ó ní, "ó pẹ́ kí o tó sọ ọ́. Mo ti ń rò ó pé àtẹ̀gùn mìíràn la máa kàn."

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ayọ̀ yìí fi rìn ní tààrà. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ìwọ̀n sọ pé òun fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì tó tóbi fún yàrá méjì tí òun ń yá gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ń ṣeré.

"Ilé yìí ńkọ́?"

"A ó gba ayálégbé sí i. Ọ̀dọ̀ mi ni tọkọtaya á máa gbé."

Nọ́ọ̀sì gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ lo to ilẹ̀ yìí ní pákó kọ̀ọ̀kan. Ta lo rò pé à ń tò ó fún?"

"Gbọ́ mi yé, jọ̀ọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ti bi mí pé, ṣé obìnrin ló fẹ́ gbé mi níyàwó ni. Wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní mo kó àpótí mi lọ bá obìnrin."

"Wọ́n. Àwọn wo ni wọ́n?"

Ìwọ̀n la ẹnu, kò rí orúkọ ẹnì kan dá. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá tó sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bíríkìlà, òun ló tọ́ ọ láti kékeré, Ìwọ̀n kò sì tí ì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí nọ́ọ̀sì dé láti ibi iṣẹ́, àpótí irinṣẹ́ kò sí nílẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn dúró bẹ́ẹ̀, láìsí ọwọ́ tí ènìyàn lè dì mú.

Màmá rẹ̀ gbọ́, ó sì wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ ilé náà nìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí kan ní pálọ̀.

"Ta ilé náà," ó ní. "Fẹ́ ọkùnrin náà. Mi ò fẹ́ kí o dá wà bí mo ṣe dá wà."

"Màámi, inú ilé yìí ni mo ti jẹ́ ẹni tí Ìwọ̀n sọ pé òun fẹ́ràn. Bí mo bá tà á, ta ni yóò wá fẹ́?"

"Ìwọ náà ni."

"Rárá, Màámi. Ẹlòmíràn ni yóò fẹ́, yóò sì máa pè é ní orúkọ mi."

Ìyá dìde láti máa lọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi rí yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú fèrèsé kékeré yẹn. Ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ wò ó, ó bá a tó na ọwọ́ méjèèjì gba ìmọ́lẹ̀, bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ.

"Mẹ́ṣíìnì á gba ibí dáadáa," ìyá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Má tà á. Gbàgbé ohun tí mo sọ."

Nọ́ọ̀sì kò tà á, kò sì dúró. Ó kun yàrá mẹ́ta fúnra rẹ̀. Ó sunkún nínú èkejì, ó nu ojú, ó kun ẹ̀kẹta. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, á fara mọ́ ògiri, á sì máa gbìyànjú láti má rò nípa ẹni tó kàn án.

Ní ti Ìwọ̀n, nǹkan ń bàjẹ́. Ó gé ilẹ̀kùn kan kúrú ní ìka mẹ́rin. Ó gé òmíràn láti fi dípò rẹ̀, ìyẹn náà tún kúrú. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò sọ ọ́ káàkiri pé Ìwọ̀n ṣi pákó wọ̀n, wọ́n sì ń wo ara wọn lójú. Ọ̀rọ̀ náà dé etí bíríkìlà. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wo àwọn ilẹ̀kùn méjèèjì tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì wo ojú àbúrò rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó kọjá sí ilé nọ́ọ̀sì. Ó ti to ọ̀rọ̀ líle mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́nu tó fẹ́ sọ fún obìnrin tó ń da àbúrò òun láàmú.

Ilé ìdáná ló ti bá a. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́ ògiri, tàbí ká sọ pé ó ń gbìyànjú. Bó ṣe ń lẹ síméńtì mọ́ ọn ni síméńtì ń já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ó ní, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrọ̀fọ̀ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ni Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ ara yín."

Bíríkìlà la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Mo rí i. O ò wọ́n omi sógiri kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ògiri tó gbẹ, á mu gbogbo omi inú síméńtì tán. Yanrìn rẹ sì pọ̀ jù. Kúrò níbẹ̀. Kúrò, ò ń jẹ́ kí n ṣàìsàn."

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí oòrùn fi rẹlẹ̀, wọ́n ti rẹ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé ìdáná náà, nọ́ọ̀sì ń po, bíríkìlà ń rẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń fọ ọwọ́ ló tó béèrè ohun tó bá wá.

"Kí ló dé tí o ò kàn lọ bá a ní yàrá rẹ̀? Kò ní ná ọ ní nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì sọ fún un nípa ilé mẹ́jọ náà. Kò fi ẹkún sọ ọ́. Ó kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí onílé kọ̀ọ̀kan ṣe, àti bí màmá rẹ̀ ṣe máa ń di ẹrù sínú aṣọ tó ń rán fún oníbàárà. Bíríkìlà ń gbọ́, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé mélòó ni mo ti kọ́ láyé mi," ó ní nígbà tó yá. "Mo lè mú ọ lọ sí ojú pópó kan tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ tán. Ilé onílé ni mo ń sùn títí di òní." Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Àbúrò mi ò ní ẹ̀bi. Ẹnu mi ló gbọ́."

Ó lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n dìde fún un.

"Jókòó," bíríkìlà ní. "Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà. Mo ní àwọn èèyàn á máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti ro gbogbo wọn wò láti ilé nọ́ọ̀sì dé ìhín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní fẹ́ wà nípò rẹ. Ẹ̀wù ìtìjú tèmi ni mo gbé wọ̀ ọ́."

Ìwọ̀n kò gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò ránṣẹ́ pè mí, Bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé òun ló kó irinṣẹ́ rẹ kúrò?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbálẹ̀, nígbà tí òjìji gígùn kan wọlé ṣáájú ẹni tó ni ín. Ìwọ̀n ni, ó gbé igi gbọọrọ kan lé èjìká, igi tó dán bí ìgò, tó tẹ̀ ní ibi tí àtẹ̀gùn ti yí. Ọwọ́ àtẹ̀gùn ni. Kò sí ọjọ́ kan tí kò fi kàn án nínú gbogbo àkókò tí kò fi wá, ìyẹn nìkan sì ni iṣẹ́ tí kò ṣì wọ̀n.

Ó dúró nísàlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ pé àyè wà."

"A kì í gba ayálégbé."

"Kì í ṣe ayálégbé ni mo fẹ́ ṣe."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ọkọ." Ó gbé igi náà sílẹ̀. "Mo kó ọ̀rọ̀ àwọn tí mi ò lè dárúkọ wọn lé orí tìrẹ. Mo ṣẹ̀ ọ́. Bí o bá gbà mí, ilé yìí ni mo fẹ́ máa gbé, pẹ̀lú rẹ, kí gbogbo ayé mọ̀."

Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó jókòó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe omi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó rí i.

"O lọ láì dágbére."

"Mo mọ̀."

"Bí inú bá tún bí ọ lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́? Ṣé wàá tún kó irinṣẹ́?"

"Bí inú bá bí mi, mà á lọ dán pákó ní ẹ̀yìnkùlé títí á fi rọ̀. Wàá máa gbọ́ mi láti yàrá."

Ẹ̀rín fẹ́ já lẹ́nu obìnrin náà. Ó pa ẹ̀rín náà mọ́ra.

"Mo ti rò ó pé," ó ní, "bó bá jẹ́ pé ìwé ló ń dùn ọ́, mo lè kọ orúkọ rẹ mọ́ tèmi."

Ìwọ̀n mi orí. "Jẹ́ kí tìrẹ dá wà níbẹ̀. O ti ṣe làálàá fún un kí o tó mọ̀ mí. Ìwọ ni mo wá gbà, mi ò wá gba ìwé."

Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn tòun ti ìgbálẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti de ọwọ́ àtẹ̀gùn náà mọ́ ibi tó yẹ. Kò dín, kò lé.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó láàárọ̀, wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn. Gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì láti wọ́ọ̀dù ọmọdé ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan ògiri. Màmá ìyàwó ti kó mẹ́ṣíìnì rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń mú gbogbo àlejò lọ wo fèrèsé ibẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i.

Nínú gbogbo ariwo yìí, káfíńtà ẹlẹgbẹ́ Ìwọ̀n kan, tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Lérù, gbé ife sókè láàárín pálọ̀.

"Ọkọ ìyàwó," ó ní, "ẹ dákun, ilé ta la wà yìí?"

Bíríkìlà wo àbúrò rẹ̀.

"Ilé ìyàwó mi ni," Ìwọ̀n dáhùn, ohùn rẹ̀ sì dé òkè. "Owó rẹ̀ ló fi rà á, nígbà tí èmi àti ìwọ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láì bojú wò ó. Mo to ilẹ̀ rẹ̀, mo kan àtẹ̀gùn rẹ̀, inú rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Nu ẹsẹ̀ rẹ dáadáa kí o tó gòkè."

Ẹ̀rín bú gbàmù. Bíríkìlà ló rín in jù, títí tó fi ní láti di ògiri mú. Ẹnu-Ò-Lérù nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ó ní òun náà á lọ wo bóyá ilé míì wà lójú pópó yẹn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́.

Nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fà á lọ síbi àga tí wọ́n tò fún àwọn méjèèjì.

"Olówó orí mi," ó ní, "o ti dúró láti àárọ̀. Wá jókòó nílé ẹ."